Lẹ́tà Aláwọ̀ Eérú

Àwọn lẹ́tà kéékèèké kan tí àwọ̀ wọn dà bí eérú ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀gá mi ní Savalou. Kì í ṣe ìjà aláriwo. Èmi á tàn wọ́n, òun á pa wọ́n. Tí mo bá jáde lọ jẹun ọ̀sán, kí n tó padà dé, ó ti tún pa wọ́n. Màá jókòó, màá kọ haà sínú, màá tún tàn wọ́n. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo tètè máa ń bínú. Ìyá mi sọ pé igbe ni gbogbo ọmọ fi ń wáyé, pé èmi nìkan ni mi ò tíì dákẹ́ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn lẹ́tà náà wà fún. Ẹni tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà kì í kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Ó máa ń pín in sínú fáìlì oríṣiríṣi, nígbà tó bá sì nílò iṣẹ́ kan tó ti wà nínú fáìlì mìíràn, á kàn pe iṣẹ́ náà lórúkọ, iṣẹ́ náà á dé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí ojú ewé bá ti kún, èèyàn ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ibẹ̀ àti èyí tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn. Ohun tí a fi ń kọ kóòdù wa lè fi í hàn, tí a bá ti ní kó máa fi í hàn. Á kọ orúkọ fáìlì tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké aláwọ̀ eérú. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn, ìyẹn gan-an sì ni ọ̀gá mi ò fẹ́ rí.

Ó ní wọ́n ń dọ̀tí ojú ewé. Ọmọ ìdílé tíṣà ni ọ̀gá mi, ọ̀dọ̀ àwọn fadá ló ti kàwé, òun náà sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó dá ọ́fíìsì wa sílẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan mọ́, kó gún régé, kó ṣe é fi han èèyàn. Mo sọ fún un pé kí ni mo fẹ́ fi ojú ewé tó mọ́ ṣe, nígbà tí mi ò mọ ibi tí nǹkan ti wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ará Bantè ni mí lóòótọ́, pé tí wọ́n bá bu omi fún mi, màá kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó pọn ọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màá bèèrè.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe nígbà náà kì í ṣe iṣẹ́ eré. Ejò pọ̀ lágbègbè wa. Tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, tí àwọn àgbẹ̀ bá padà sínú koríko, ojoojúmọ́ la máa ń gbọ́ pé ejò bu ẹnì kan jẹ. Abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Àwọn tó bá gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn kan, wọ́n á ní kò sí níbẹ̀. Wọ́n á gbé e dé èkejì, kò sí. Kí wọ́n tó dé ẹ̀kẹta, ẹni náà ti kú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ètò kan fún fóònù. Àwọn nọ́ọ̀sì á máa fi iye abẹ́rẹ́ tó wà nínú fíríìjì wọn ránṣẹ́, ẹni tó bá sì tẹ fóònù rẹ̀, fóònù á sọ fún un ibi tí abẹ́rẹ́ wà. A ti fi í sórí fóònù àwọn díẹ̀, tíṣà, nọ́ọ̀sì àti àwọn ará ilé wa, pé kí wọ́n máa bá wa dán an wò.

Àwọn àlejò kan wá láti Kútọ̀nù láti wo iṣẹ́ náà. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa tí àlejò bá ń bọ̀. Nígbà tí àwọn àna ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ́kọ́ wá sí Bantè, ìyá mi yá àga káàkiri àdúgbò, ó yá abọ́, ó yá aago ara ògiri pàápàá. Wọ́n lọ tán, a dá gbogbo rẹ̀ padà fún àwọn olówó rẹ̀. Kò sí ẹni tó kà á sí irọ́. Ìtìjú ni kí àlejò bá ilé lófìfo, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá mi ń múra de àwọn ará Kútọ̀nù, àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló ń pè é tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí wọ́n rí i pé fíríìjì àwọn ṣófo. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn. Ó kọ fáìlì kan sọ́tọ̀ fún ìbẹ̀wò náà, ó fi abẹ́rẹ́ sínú gbogbo fíríìjì láti Savalou títí dé òpin ilẹ̀ Bantè, ó sì ní kí ètò wa máa ka fáìlì yẹn dípò ti òótọ́. Àwọn àlejò wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n mu ọtí, wọ́n lọ. Mo bi ọ̀gá mi bóyá ó ti dá a padà. Ó mirí sí mi pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ìyàwó àbúrò ìyá mi ló ń pè mí láti Gouka. Àbúrò ìyá mi yìí ló tọ́ mi. Ọmọdé ni mí nígbà tí bàbá mi kú, iṣu tí àbúrò ìyá mi ń gbìn ló sì fi rán mi nílé ìwé títí mo fi wọ yunifásítì, kò sì ṣírò rẹ̀ fún mi rí. Tọ́ntọ̀n ni mò ń pè é, bí gbogbo ọmọ ilé wa ṣe ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ kì í pariwo, kò sì pariwo lọ́jọ́ náà. Ó ní Tọ́ntọ̀n ń kó koríko lóko, paramọ́lẹ̀ bù ú jẹ lọ́wọ́, ọwọ́ náà ti wú dé ìgbúnwọ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ ní èrìgì rẹ̀. Wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wọn jù, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán. Ọmọ wọn àgbà ti gbé alùpùpù síta. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wo nǹkan tí à ń kọ yẹn, kí n sọ ibi tí wọ́n máa gbà.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kó yọ ibi tí wọ́n ti dé kúrò. Fóònù dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé abẹ́rẹ́ wà ní àgọ́ ìlera abúlé kan lápá Koko, pé ibẹ̀ ló tún súnmọ́ wọn jù.

"Ẹ gba ọ̀nà Koko," mo sọ fún un. "Ó wà níbẹ̀."

Ó dúpẹ́. Mo gbọ́ tí alùpùpù ta, fóònù sì kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àgọ́ ìlera náà kí wọ́n lè máa retí wọn. Ó ń dún, ẹnì kankan ò gbé e. Mo tún pè é. Nígbà tó yá, torí mi ò lè jókòó lásán, mo ń wo àwọn ilé ìwòsàn yòókù lórí fóònù bóyá màá rí òmíràn nítòsí, ibẹ̀ ni nǹkan ti kọ mí lóminú. Gbogbo wọn ló ní abẹ́rẹ́. Kò sí ẹyọ kan tí kò ní. Àgọ́ ìlera kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá mi tí fíríìjì rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Fóònù ní abẹ́rẹ́ wà nínú fíríìjì yẹn náà.

Mo fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, mo ṣí kóòdù náà. Ọ̀gá mi wà nídìí tábìlì tirẹ̀, ó ń jẹ iṣu díndín, ó ń wo nǹkan mìíràn. Mo rí ibi tí ètò wa ti ń pe iṣẹ́ tó ń wo inú fíríìjì. Orúkọ iṣẹ́ náà pé pérépéré, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Àmọ́ fáìlì méjì ló ní iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Lókè ojú ewé, ọ̀gá mi ti kọ ọ́ pé kí ètò kó gbogbo ohun tó wà nínú àwọn fáìlì wa wá lódindi, kò dárúkọ ohun tó ń mú nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Mo wò ó títí, mi ò lè sọ èwo nínú méjèèjì ló ń jẹ́ ìpè. Ó sì ti tún pa àwọn lẹ́tà mi. Ojú ewé náà mọ́ tónítóní, inú sì bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Mo tàn wọ́n. Wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀rọ̀, eérú, eérú, títí wọ́n fi dé ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ tó ń wo fíríìjì. Ibẹ̀ ni mo ti ka orúkọ tí ọ̀gá mi fi pe fáìlì àwọn àlejò, ìbẹ̀wò, lédè Faransé.

"Ọ̀gá, ẹ ò dá a padà," mo wí.

Ó yíjú sí mi. Kò kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tó mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé àwọn ará Kútọ̀nù ní àwọn máa tún ṣí i wò láti ọ̀dọ̀ wọn, pé òun fẹ́ kí wọ́n wò ó tán ná, pé ta ló tiẹ̀ ń lò ó báyìí, ṣebí ìdánwò la ṣì ń ṣe. Ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló fi ń ṣàlàyé.

"Tọ́ntọ̀n mi wà lórí alùpùpù," mo sọ fún un. "Ejò ló bù ú jẹ. Ibi tí fáìlì yín sọ ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ."

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Mo pa ìlà tó ń kó fáìlì àlejò wá rẹ́, mo ní kí ètò máa ka ti òótọ́. Kò sí. Kò sí. Kò sí. Bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, abúlé lẹ́yìn abúlé, títí kan ibi tí mo rán wọn lọ. Ibì kan ṣoṣo ló ní in, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Savalou níbí, tí kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá mi ti mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀. Ó ní òun ń lọ fi ojú ara òun wò ó. Ó kù díẹ̀ kó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà.

Mo pe ọmọ Tọ́ntọ̀n. Kò lọ. Mo pe ìyàwó Tọ́ntọ̀n. Kò lọ. Ojú ọ̀nà erùpẹ̀ yẹn, ibi tí fóònù ti ń gbọ́ràn kéré síbi tí kò ti gbọ́ràn. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, mo tún ń bú ọ̀gá mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ronú ẹni tó wà lójú ọ̀nà wọn, mo sì rántí bàbá kan tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò ní oríta, níbi tí ọ̀nà Koko ti yà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì ti máa ń ra epo tí a bá ń lọ sí Gouka. Èmi àti ẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa, ó ní Ìṣà tí mò ń sọ, èdè wa ní Bantè, dà bí Yorùbá tí wọ́n sè tí kò jinná.

Ó gbé e. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ní àwọn mẹ́ta kan lórí alùpùpù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo lọ́wọ́ òun, pé ọkùnrin àárín gbé orí lé èjìká ẹni tó ń wà á, pé wọ́n ti gba ọ̀nà Koko. Mo ní kó bá mi dá wọn padà. Kò bi mí léèrè nǹkan kan. Ó ní kí n má gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ ọ́ sínú àpò, mo sì ń gbọ́ alùpùpù rẹ̀ tó ń ké, mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́, mo ń gbọ́ fèrè tó ń fọn ní àfọntúnfọn. Mo dìde dúró láàárín ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ìpè náà já.

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, mi ò lè sọ ọ́ tán. Ohun tí mò ń rò ni ọwọ́ Tọ́ntọ̀n, ọwọ́ tó fi ń mú mi lọ sí ilé ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré, tó ti wú báyìí nítorí pé ó fẹ́ kó koríko. Mò ń rò ó pé èmi ni mo ní kó lọ síbẹ̀. Fóònù dún. Nọ́ńbà bàbá elépo ni, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ Tọ́ntọ̀n ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo wá ni ká gbà báyìí?" ó bi mí. "Ṣé ó dá yín lójú lọ́tẹ̀ yìí?"

Ètò wa sọ pé abẹ́rẹ́ wà ní Savalou, àbí kò sí níbẹ̀? Nọ́ọ̀sì kan ló fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ló fi ránṣẹ́, ta ló rí i? Ọ̀nà Savalou jìn sí wọn gan-an. Tí mo bá tún ṣì í, kò sí ibòmíràn tí wọ́n tún máa lọ.

"Dúró," mo ní. "Má tíì lọ."

Mo gbọ́ tí Tọ́ntọ̀n ń kérora lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń bi í bóyá ó fẹ́ omi. Mo di fóònù kan mú létí, mo tẹjú mọ́ èkejì, ti ọ́fíìsì, lórí tábìlì, mò ń retí ọ̀gá mi. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe ń dá wọn dúró lójú ọ̀nà, oró náà kò dúró. Ìgbà tí èkejì dún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀.

"Mo ti rí i," ọ̀gá mi sọ, èémí rẹ̀ ń já. "Mo ní kí wọ́n ṣí fíríìjì níwájú mi. Kí wọ́n máa bọ̀."

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Bàbá elépo ti dá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó àgbàdo dúró, ó bẹ awakọ̀ náà, wọ́n kó àpò díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tẹ́ Tọ́ntọ̀n sáàárín àwọn tó kù, ọkọ̀ sì já sí títì ọlọ́dà, ó forí lé Savalou. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn nọ́ọ̀sì sì ti ń múra. Mo sọ fún un pé tí Tọ́ntọ̀n bá kú, mi ò ní dárí jì í láyé yìí. Mo tún un sọ kó lè dá mi lójú pé ó gbọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ náà dé, mi ò mọ Tọ́ntọ̀n. Ojú rẹ̀ ti yí, aṣọ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ ẹnu, apá rẹ̀ ti dúdú dé èjìká. Wọ́n gbé e wọlé kíákíá, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ náà, wọ́n tún fún un ní òmíràn. A jókòó. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, mi ò sì ní ẹnu láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ìrọ̀lẹ́ ń lé bọ̀ nígbà tí dókítà jáde wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dá. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Tọ́ntọ̀n la ojú, ó wò mí, ó fi Ìṣà bi mí ẹni tó máa bá òun kó koríko tó kù. Mo sunkún, mo sì bú u, mo ní ṣé ọ̀rọ̀ koríko ló kàn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló kàn.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọjọ́ náà parí sí. Mo jáde láti lọ sọ fún ọ̀gá mi pé ó yè, bóyá láti tu ú nínú díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ líle tí mo sọ sí i. Ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó gbé ọmọbìnrin kan pọ̀n tó ti dàgbà kọjá kí wọ́n máa pọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, awọ rẹ̀ ti ń bó. Láti abúlé kan lápá Djaloukou ni wọ́n ti wá, èdè Mahi sì ni ìyá náà ń sọ. Mo gbọ́ Mahi dáadáa, ọ̀gá mi gbọ́ ọ jù mí lọ, torí Savalou ni wọ́n bí i sí. Nọ́ọ̀sì ń bá ìyá náà wí pé kí ló pa á mọ́lé láti àná. Ìyá náà ní òun ò jókòó sílé. Ó ní tíṣà abúlé wọn wo fóònù, fóònù sọ ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Wọ́n ní kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Àwọn ò gbà wọ́n gbọ́. Àwọn rò pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni, nígbà tí fóònù ti sọ pé ó wà. Nítorí náà àwọn jókòó síbẹ̀, àwọn ń bẹ wọ́n, títí ilẹ̀ fi ṣú, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo wo ọ̀gá mi. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Èébú tí mo ti kó jọ fún un láti ọ̀sán, mi ò rí ọ̀kankan nínú rẹ̀ sọ mọ́.

Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Tọ́ntọ̀n ti padà sí Gouka nígbà tí mo gbọ́, ìka rẹ̀ kan ni kò ká dáadáa mọ́. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mò ń lọ rí ìyá náà, pé tó bá fẹ́, kó bá mi lọ, tí kò bá sì fẹ́, màá sọ orúkọ tirẹ̀ mọ́ tèmi. Ó bá mi lọ. Òun ló fi Mahi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sọ ọ́ láì fi nǹkan kan pamọ́, nípa àwọn àlejò, nípa fáìlì náà, pé àwa la kọ ohun tí fóònù ń sọ. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà sùn, wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo retí kí ìyá náà pariwo. Mo retí kó ṣépè fún wa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn ń wò wá bíi pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé òun.

"Nígbà tí ẹ ń kọ ọ́ pé ó wà níbẹ̀," ó bi wá, "ta lẹ bi?"

A ò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tó rí i pé a ò ní dáhùn, ó ní ká jọ̀ọ́, ká sún sẹ́yìn, pé a ń dí atẹ́gùn mọ́ ọmọ òun.